Ìmọ́lẹ̀ Pọ̀, Ọ̀rọ̀ Ò Yéni: Lámèyítọ́ Sìkírìnì Ilé Ìjọsìn Kan ní Abigi

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n tan sìkírìnì tuntun ní ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ ní Abigi, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Pùrójẹ́tọ̀ àtijọ́ ti darúgbó. Tí oòrùn bá ti gba ojú fèrèsé wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ohun tó ń kù lára ògiri kì í ju òjìji lẹ́tà lọ. Tuntun yìí wá tàn bí ọ̀sán gangan. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá rí i, àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà níta náà rí i.

Ìgbà tí wọ́n gbé orin àkọ́kọ́ jáde ni ọ̀rọ̀ dé. Orin ìdúpẹ́ tí àwọn akọrin wa fúnra wọn kọ ni. Ó hàn gàgàrà, lẹ́tà funfun lórí búlúù:

E FI OWO FUN OLUWA

Màmá kan tó jókòó níwájú wa bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí ìró rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ rọra fà á lápá: "Màmá, kò tíì tó àkókò ọrẹ o." Ọ̀wọ̀ ni orin ń wí, kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá Màmá lẹ́bi? Ohun tí ògiri kọ ló kà.

A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí a délé ni ẹ̀rín tán. Owó, ọwọ́, ọ̀wọ̀, ọwọ̀, òwò: bọ́ àmì lára wọn, "owo" kan ṣoṣo ló kù. Èyí tó wà nínú àpò, èyí tí a fi ń jẹun, èyí tó tọ́ sí àgbà, èyí tí a fi ń gbálẹ̀, èyí tí ọlọ́jà ń ṣe, gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Ìjọ wa ná owó ńlá láti pààrọ̀ ohun èlò yìí. A ṣe lọ́ọ̀ǹṣìn. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó àti lókè òkun fi owó ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí bó ṣe máa tóbi tó, bó ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, ibi tí wọ́n máa gbé e kọ́, àti irú jẹnẹrétọ̀ tó lè gbé e. A wà níbi ìpàdé méjì nínú mẹ́rin yẹn. Kò sí ẹni tó béèrè nípa ohun tí a máa kọ sí i. Àwa náà ò béèrè. Nítorí náà, bí a bá ń bú ẹnikẹ́ni nínú àkọsílẹ̀ yìí, ara wa la ń bú.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn: a pààrọ̀ ẹ̀rọ, a ò tún ojú ìwé ṣe. Ìmọ́lẹ̀ kì í tún àṣìṣe ṣe. Ṣe ló ń jẹ́ kí gbogbo ayé rí i.

Ojú ìwé ni sìkírìnì

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ pẹ̀lú sìkírìnì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn wá gidigidi. Lámèyítọ́ máa ń yẹ ìwé tí àwọn èèyàn ń kà wò, àbí? Tí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo èyí tí wọ́n ń kà ní tòótọ́.

Abigi ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 72,935 ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ìjẹ̀bú, Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ la jọ ń gbé etí omi yìí, ohun tí oníkálùkù sì ń sọ nínú ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá inú ìwé. Ẹ wá wo ohun tó wà fún kíkà. Pátákó ojú títì, Gẹ̀ẹ́sì. Ìkéde ìjọba, Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù, Gẹ̀ẹ́sì. Lórí WhatsApp, a ń tẹ Yorùbá bó ṣe bọ́ sí wa lọ́wọ́, ìdajì rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmì ò sí lórí ìdajì tó kù. Ọmọ tó ti ṣe WAEC tán, tó ti fún àbúrò rẹ̀ ní ìwé Yorùbá tó fi kàwé, níbo ló tún ti ń ka odidi gbólóhùn Yorùbá lọ́sẹ̀? Ògiri ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń pàdé èdè wa ní àkọsílẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, fún wákàtí méjì. Kò sí òǹkọ̀wé Yorùbá kankan nílùú tó ní òǹkàwé tó bọ̀ọ̀dá tó jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà ayé ìwé orin, ìwé yẹn wà nílé. Ó ń bá wa lọ sọ́dọ̀ aláìsàn, ó ń bá wa dé ibi òkú. Ọmọdé á dúró ti ìyá àgbà, á máa wo ìka rẹ̀ bó ṣe ń tọ ìlà lọ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ̀wé láìmọ̀. Odidi orin, láti ẹsẹ kìíní dé ìparí, wà lójú ìwé kan, tí ojú lè padà sẹ́yìn lọ wò ó. Sìkírìnì kò lè ṣe èyí. Ìlà méjì ló ń gbé wá, ó tún gbé e lọ. Ẹsẹ orin tó béèrè ìbéèrè nínú ìlà méjì àkọ́kọ́, tó sì dáhùn nínú ìlà méjì tó kẹ́yìn, sìkírìnì á gé e sí méjì. Ìbéèrè á ti lọ kí ìdáhùn tó dé. Tí bọ̀ọ̀dá mídíà bá sì ń wo fóònù nígbà yẹn, ìjọ á máa kọ "hùn-ún-ùn" títí yóò fi rántí.

A ò ní ká padà sí ìwé orin nìkan o. Ìwé wọ́n, lẹ́tà rẹ̀ kéré fún àgbà, àwọn orin tuntun ò sì sí nínú rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé sìkírìnì gba ìwé lọ́wọ́ wa. Ó dára, kò burú. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíì, kó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Ohun tí a rà

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń ṣìnà, tiwa náà wà níbẹ̀.

Pùrójẹ́tọ̀ ò lè ju dúdú sára ògiri. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń jù. Ibi tó yẹ kó dúdú, àwọ̀ ògiri fúnra rẹ̀ ni à ń rí. Ìdí tí oòrùn fi ń pa á nìyẹn: bí ògiri bá ti mọ́lẹ̀, dúdú tán, lẹ́tà funfun ò sì ní ibi tó lè dúró lé mọ́. Lumens ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Gílóòbù inú irú àtijọ́ máa ń lò tó wákàtí 3,000 sí 5,000, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì ti máa dín kù díẹ̀díẹ̀ kó tó kú. Èyí tó ń lo lésà lè tó wákàtí 20,000. Fún ilé ìjọsìn tó bá ṣeé ṣe fún láti ta kọ́tìnnì sí fèrèsé, pùrójẹ́tọ̀ lésà kan ì bá tó.

Ìgbìmọ̀ wa kò fẹ́ kọ́tìnnì, torí ooru. Wọ́n mú ògiri LED, èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, tí kò bẹ̀rù oòrùn. P4 ni irú tí wọ́n rà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mìlímítà 4 ló wà láti ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan dé èkejì. Mítà 3 ni fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ bá wa ṣe ìṣirò kékeré: mìlímítà 3,000, ẹ fi 4 pín in, ẹ̀kán 750 ló jẹ́ láti ọ̀tún dé òsì. Pùrójẹ́tọ̀ arúgbó tí a sọ̀ kalẹ̀ ńkọ́? XGA ni, 1,024 ni tirẹ̀. Ṣé ẹ rí nǹkan? Tuntun mọ́lẹ̀ ju àtijọ́ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n àtijọ́ ní ẹ̀kán jù ú lọ. Bó bá jẹ́ P2.5 la rà ní ìwọ̀n kan náà, a ì bá ní 1,200, owó rẹ̀ ì bá sì pọ̀ sí i. Ní àwọn ìpàdé tí a wà, kò sí ẹni tó fi èyí ṣàlàyé fún wa. Wọ́n kàn ní "ó mọ́lẹ̀ gan-an" ni.

Fún Gẹ̀ẹ́sì, èyí lè máà dun ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ńlá gbàgàdà, ó tán. Ṣùgbọ́n nínú Yorùbá, ohun tó kéré jù lọ lára lẹ́tà ló ń gbé ìtumọ̀ tó wúwo jù lọ. Àmì tó wà nísàlẹ̀ "ọ" kéré, àmì tó wà lórí rẹ̀ kéré. Tí ẹ̀kán ò bá pọ̀, àwọn yẹn ló ń kọ́kọ́ lọ. Àwọn bọ̀ọ̀dá wa tún fẹ́ràn láti fi òjìji àti ìlà dúdú nípọn yí lẹ́tà ká kó lè "gbé sókè". Òjìji yẹn ló ń gbé àmì ìsàlẹ̀ mì. Wọ́n tún ń fún ìlà mọ́ra kí ọ̀rọ̀ lè gba ibẹ̀, títí àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ á fi kan àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè, tí ojú ò ní mọ èwo ni ti ta.

A rò pé ibi tí àṣìṣe yìí ti wá ni pé a ń wo ilé onílé. Ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa yìí ni àwọn ilé ìjọsìn tó tóbi jù wà. Gbọ̀ngàn Faith Tabernacle ní Ọ̀tà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1999, ní ìjókòó tó lé ní 50,000. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn níbẹ̀, tàbí ní Redemption City lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kò lè rí oníwàásù àfi lójú sìkírìnì. Níbẹ̀, ojú èèyàn ni sìkírìnì wà fún. Ìjókòó bí ogún ni a ní láti iwájú dé ẹ̀yìn ní Abigi. A ń rí Bàbá Ìjọ, a ń rí òógùn tó wà níwájú orí wọn pàápàá. Kí la tún fẹ́ fi ojú wọn tó fẹ̀ tó mítà méjì ṣe? Tiwa, ọ̀rọ̀ ni sìkírìnì wà fún. Ẹ̀rọ kíkà ló yẹ ká rà, ẹ̀rọ wíwò la rà.

Ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀

Bí a ṣe ń sọ èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ wa, ọ̀kan dá wa lóhùn pé: "Ẹ má dà wá láàmú jàre. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí orin ń wí." Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. A ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì lójoojúmọ́, ó sì ń yé wa.

Ṣùgbọ́n orin kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀, ohùn ẹnu wa ló ń sọ pé ọkọ̀ ni, kì í ṣe ọkọ́. Nígbà tí a bá ń kọrin tí wọ́n fi ohùn orin òyìnbó gbé, ohùn orin ló ń darí ẹnu wa. Bí orin bá gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ti di ọkọ́ nìyẹn. Bí orin bá tẹ́jú, ó ti di ọkọ. T. K. E. Phillips, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, mọ ọ̀ràn yìí dunjú. Ó kọ ìwé *Yoruba Music* ní 1953, ìjà tó wà láàárín ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó dùn ún jù. Ṣáájú rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta ti gba ọ̀nà mìíràn: ó ń fi ohùn orin ilẹ̀ wa gbé orin ìjọsìn, kí orin lè máa tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ Zonophone gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní London ní 1922, a ṣì lè gbọ́ wọn títí dòní.

Ṣùgbọ́n àwọn orin tí à ń kọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ọ̀pọ̀ nínú wọn, ohùn òyìnbó ló gbé wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nìyí: orin ti gba ohùn ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnu. Etí ò lè gbà á padà. Ojú nìkan ló kù. Àmì orí lẹ́tà ni ibì kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ Yorùbá lè sá sí nígbà tí orin òyìnbó bá ń lé e. Tí sìkírìnì bá wá bọ́ àmì yẹn náà kúrò, ọ̀rọ̀ ò níbi ìsádi mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la pa á.

Orin kan wà tí àwọn akọrin wa ti ń kọ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ìlà ègbè rẹ̀ wà lórí sìkírìnì báyìí: "Jesu ni oko mi." Ẹ kà á. Oko tí à ń ro ni? Ọkọ́ tí a fi ń ro ó? Ọkọ tí wọ́n gbé ní ìyàwó? Ọkọ̀ tó ń gbé wa kọjá omi? Ohùn tí wọ́n fi gbé e tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. A máa padà sórí ìlà yìí.

Ohun tó jọni lójú ni pé ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ wa ní àmì yìí. Ní 1843, Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1875, àwọn ìjọ tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá pàdé ní Èkó láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí, Crowther sì wà níbẹ̀. Ní 1884, odidi Bíbélì Yorùbá jáde. Àwọn èèyàn yìí kò ní láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó ń tò lẹ́tà wọn ń fi ọwọ́ mú irin kọ̀ọ̀kan, títí kan irin tó ní àmì ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ìwé orin àtijọ́ kì í fi àmì ohùn sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àmì ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀, ọkọ kì í di oko. Àti pé àwọn tó ń lò ó ti gbọ́ orin yẹn lẹ́nu ìyá wọn, ìwé kàn ń rán wọn létí ni. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ orin láti ojú ògiri.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìwé ìròyìn lédè Lárúbáwá kì í sábà ní àmì fáwẹ̀lì, ẹni tó gbọ́ èdè á kà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mú Kùránì, àmì wà lórí rẹ̀ pé pérépéré, lókè àti nísàlẹ̀. Wọn ò jẹ́ fi ìkàwé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà sí mímọ́ lé ìméfò lọ́wọ́. Ọmọ ilé kéwú tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ̀ pé tí àmì bá yí, ìtumọ̀ lè yí. Ọmọ Yorùbá kan náà ni. Ojú tó mọ àmì Lárúbáwá, ṣé àmì Yorùbá ló máa fọ́ ọ ni?

Àtúnṣe tí ò nílò lọ́ọ̀ǹṣìn

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá àti etí ìró, a lọ bá bọ̀ọ̀dá tó ń darí mídíà. Ọmọ dáadáa ni. Ó ní: "Ẹ má bínú, mo gbìyànjú láti fi àmì sí i. Àpótí kékeré ló ń gbé jáde dípò lẹ́tà."

Kò parọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú Unicode, èyí tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ọ àti ṣ náà ní. Ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣe la máa ń so àmì òkè mọ́ ẹ. Fóǹtì tí wọn kò ṣe fún irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ á gbé àmì sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kó gbé àpótí jáde. Gbogbo fóǹtì rèǹtẹ̀rẹ̀ntẹ tí wọ́n ń lò fún ìpolówó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n Noto Sans ti Google mọ̀ wá, Charis SIL mọ̀ wá, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Gboard orí fóònù ní Yorùbá. Àwọn YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, ṣe kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà. OpenLP, tí a lè fi gbé orin sójú sìkírìnì, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Gbogbo owó tí a dá jọ, kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tí èyí ì bá jẹ.

Ohun tó ń jẹ ni àkókò. A jókòó ṣe ìṣirò: ọ̀dọ́ mẹ́rin, orin márùn-ún fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, ogún orin nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, igba orin. Igba orin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo ohun tí ìjọ wa ń kọ láti ọdún dé ọdún tán. (Ẹ fi ojú inú wo "igba" yẹn láìsí àmì: igba ni, igbá ni, àbí ìgbà?) Òfin wa ò ju mẹ́ta lọ. Fóǹtì kan tó mọ Yorùbá, kò sí òjìji. Odidi ẹsẹ orin kan lójú sìláìdì kan bó bá lè gba ibẹ̀, bí kò bá gba ibẹ̀, ká gé e níbi tí ìtumọ̀ ti sinmi. Kí àgbà kan sì kà á sókè kó tó jáde.

Ní 1944, Hubert Ògúnǹdé, ọmọ Òsósà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tiwa, ṣe eré àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Glover Hall, Èkó, láti fi dá owó ilé jọ fún ìjọ aládùúrà tirẹ̀. Ó di 1979 kí *Aiye*, fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, tó hàn lára ògiri. Ọdún 35 ló fi ń tún ọ̀rọ̀ ṣe lórí ìtàgé kó tó kan ẹ̀rọ. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé, ó bá nǹkan tó tó wò. Àwa, ìmọ́lẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Kò tíì bọ́. A ṣì lè wá ohun tó yẹ kó tàn sí.

Iṣẹ́ ń lọ. Orin mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti parí. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ tó kọjá, E FI di Ẹ FI, OWO di Ọ̀WỌ̀, Màmá sì jókòó jẹ́ẹ́ títí di àkókò ọrẹ.

Ó wá ku ìlà kan. "Jesu ni oko mi." A ò lè fi àmì sí i láìmọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ ti kú tipẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ láìsí àmì kankan. A bi Màmá. Wọ́n ní: "Ọkọ̀ ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, orí omi ni wọ́n bí i sí. Kí ló tún fẹ́ máa pe Jésù?" A dúpẹ́, a ti ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá kan tó ń kọ báàsì láti ìgbà yẹn ní ká dúró. Wọ́n ní: "Ọkọ ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́ fún, ọdún tí ọkọ̀ dà nù tí ọkọ rẹ̀ bá omi lọ. Mo wà níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́. Obìnrin yẹn sunkún títí."

Àwọn méjèèjì ti jọ ń kọ orin yẹn láti ìgbà èwe wọn, ní ìjókòó tí kò jìnnà síra. Ọ̀kan ń kọ ọkọ̀, ọ̀kan ń kọ ọkọ, ẹnì kan ò sì mọ̀.

A ti kọ ohun tí àwọn méjèèjì sọ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì. Ìlà yẹn nìkan ló ṣì wà lórí sìkírìnì bó ṣe wà.